Ẹni Tó Ń Béèrè: Ibi Tí Iṣẹ́ Akọ̀wé Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Dé Báyìí

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ẹnjiníà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó tì wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mo kí yín pátápátá. Ẹ kú ìjókòó o. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé, kí ọ̀rọ̀ má há mi lẹ́nu.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló wà níbí tó ti ra ẹ̀rọ tuntun rí, tó sì ka ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó tan ẹ̀rọ náà? Ẹ nawọ́, ẹ má tijú. Ọwọ́ mẹ́ta ni mo rí. Nínú gbọ̀ngàn tó kún bámúbámú yìí, ọwọ́ mẹ́ta. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a máa padà bá a.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni iṣẹ́ àwa tí òyìnbó ń pè ní technical communicator. Akọ̀wé ìmọ̀-ẹ̀rọ ni èmi máa ń pè é. Àwa là ń kọ ìwé tó ń sọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti ibi tó ti lè ṣeni léṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń yọ lójú fóònù yín nígbà tí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá kọ̀ tí kò ṣeé ṣe, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn.

Lóṣù Kìíní ọdún 2025, Society for Technical Communication, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1953, kógbá sílé. Apá ò ká ìnáwó ẹgbẹ́ náà mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí mo dé tí wọn kì í ti í bi mí pé: ṣé iṣẹ́ yín ò ti tán báyìí? Àwọn kan ń fi àánú béèrè. Àwọn kan ti mọ ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kí wọ́n tó lanu.

Ìdáhùn tèmi rèé. Ìkọ̀wé ni ewé iṣẹ́ wa, òun ni ayé ń rí. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ìbéèrè. Akọ̀wé ìmọ̀-ẹ̀rọ ni ẹni tó ń béèrè lórúkọ ẹni tí kò sí nínú yàrá, ẹni tó máa di ẹ̀rọ náà mú lọ́la tí kò sì ní rí ẹnjiníà kankan bi. Ewé yẹn ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ báyìí. Gbòǹgbò ṣì wà nílẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ sì nílò rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Joseph Chapline. Lọ́dún 1949, ó kọ ìwé ìlò fún kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní BINAC, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn iṣẹ́ wa ló sì máa ń ka ìwé yẹn sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé tí wọ́n á dúró. Ohun tó ṣe ṣáájú ìgbà yẹn ló wù mí jù.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Chapline ń ṣiṣẹ́ ní Moore School, ní Yunifásítì Pennsylvania, nídìí ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fi ń ṣírò fún àwọn ológun bí ọta ìbọn ńlá ṣe máa rìn lójú òfuurufú. Ìṣirò náà pọ̀, ẹ̀rọ náà ò sì yára tó. Ọ̀gá ológun tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́rùn rẹ̀ ni Herman Goldstine. Nínú ilé ẹ̀kọ́ kan náà, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ John Mauchly, tó ti kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ nípa irú ẹ̀rọ kan tó máa yára jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n bébà náà wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Chapline mọ ohun tó ń dun ẹni kìíní. Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ó sọ fún Goldstine pé kó lọ bá Mauchly sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ENIAC, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi han aráyé lọ́dún 1946.

Ẹ gbọ́ o. Chapline ò kọ ìlà kan lọ́jọ́ yẹn. Etí ló fi ṣiṣẹ́, ó sì mọ ẹni tó yẹ kí ẹnì kan lọ bi. Iṣẹ́ wa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní odindi kó tó kọ ìwé kankan.

Nígbà tó yá ni wọ́n wá gbé akọ̀wé lọ sí ìparí ìlà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn ẹnjiníà á ro ẹ̀rọ, wọ́n á kàn án, wọ́n á dán an wò. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjà jáde, ẹnì kan á rántí pé ìwé ò tíì sí. Wọ́n á gbé ìdì bébà sórí tábìlì akọ̀wé: "Bá wa fi ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn kọ eléyìí." Ibi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀, iye ojú ìwé ni wọ́n fi ń díwọ̀n wa. Ìwé tó bá nípọn ló níyì. Mo kọ èyí tó lé ní igba ojú ìwé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tipẹ́ pé nínípọn ìwé kì í ranni lọ́wọ́. Láàárín àwọn ọdún 1980, John Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà. Wọ́n kàn ń wò wọ́n ni. Kí ni wọ́n rí? Àwọn èèyàn ò ka ìwé náà ní títẹ̀léra. Wọ́n ń fò láti ibí sí ọ̀hún. Iṣẹ́ tó wà níwájú wọn ni wọ́n fẹ́ ṣe, bí wọ́n bá sì ṣìnà, ìwé ńlá yẹn kì í sábà mú wọn jáde. Carroll bá gé ìwé náà kúrú, ó fi bí èèyàn ṣe ń bọ́ nínú àṣìṣe sí i, àwọn tó fi ti kékeré yẹn kọ́ṣẹ́ sì tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn tó di ńlá mú lọ. Ẹ rántí ọwọ́ mẹ́ta tí mo rí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ò nawọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ọmọ aráyé ṣe ń kọ́ nǹkan nìyẹn.

Páálí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Mo ti kọ ìwé ìlò fún ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́ ìṣègùn kí kòkòrò àrùn lè kú lára rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, mo dé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń lò ó. Nǹkan mìíràn ni mo wá ṣe níbẹ̀, mo kàn ní kí n yà wò ó. Ìwé tí mo kọ wà nínú dúrọ́ọ̀. Wọn ò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ páálí kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, páálí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìlà méje ni wọ́n fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ sí i. Omi ti ta sí igun rẹ̀ kan, tádà rẹ̀ ti ràn. Ìlà kẹrin ni wọ́n yí òbíríkítí ká lẹ́ẹ̀mejì: "MÁ ṢÍ I! Jẹ́ kí ọwọ́ aago padà sí òdo ná." Mo ka ìlà méjèèje. Kò sí ohun tí èèyàn nílò lójoojúmọ́ tí kò sí níbẹ̀.

Ìlà kejì ló dá mi dúró. Ó ní: "Bu omi sí i kó o tó kó irinṣẹ́ sí i." Ìwé tèmi sọ òdì kejì rẹ̀. Èmi kọ ọ́ pé kí wọ́n kó irinṣẹ́ sí i, kí wọ́n wá bu omi. Mo wá ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kọ eléyìí?"

Ó ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Ṣé kò dáa?"

Mo ní ó dáa, mo kàn fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí omi ṣáájú ni. Kò dá mi lóhùn. Ó ṣí ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ mú mi léjìká, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Ìlà tó ń sọ ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó gbé àtẹ irinṣẹ́ lé e. Ìlà náà pòórá. Ó ní, "Ṣó o rí i? Bó o bá kó ẹrù sí i tán, wàá kàn máa fojú dá omi ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a lò ó báyẹn, omi tán, ẹ̀rọ ń rùn bí ohun tó ń jó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ò dúró níwájú ẹ̀rọ yẹn rí kí n tó kọ ìwé rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà sórí bébà ni mo wò, lórí bébà sì rèé, gbogbo ìlà ló ń hàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ìyá yẹn ló kó mi yọ, nítorí ilé ìwòsàn mìíràn wà tí kò ní ìyá bẹ́ẹ̀, ìwé tèmi nìkan ló sì wà lọ́wọ́ wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé mi ò ní kọ àlàyé ohun tí mi ò fọwọ́ kàn, tàbí tí mi ò bá ẹni tó ń fọwọ́ kàn án jókòó.

Ohun tí ọ̀rọ̀ tí kò yéni lè fà

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Láàárín oṣù Kẹfà ọdún 1985 sí oṣù Kìíní ọdún 1987, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Therac-25, tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sára àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ, da ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà lu aláìsàn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn kan kú nínú wọn.

Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Texas lóṣù Kẹta ọdún 1986. Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ṣèèṣì tẹ lẹ́tà kan dípò òmíràn. Ó rí i, ó yára tún un ṣe, ó ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ dúró lójijì. Ohun tó yọ lójú rẹ̀ ni MALFUNCTION 54. Kí ni MALFUNCTION 54? Ìwé ìlò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò sọ ọ́. Ẹ̀rọ yẹn sì máa ń dúró ṣáá lórí nǹkan kéékèèké, ó ti mọ́ wọn lára pé bí wọ́n bá ti tẹ P, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ó tẹ P. Ìtànṣán ti ba ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan. Ó tún bà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ká sọ òótọ́: àbùkù inú sọ́fítíwià ló fa jàǹbá náà, àti ohun ìdènà tó yẹ kó wà lára ẹ̀rọ tí wọn ò fi sí i. Mi ò sọ pé ìwé ló pa wọ́n. Ìbéèrè mi ni pé: kí ẹ̀rọ yẹn tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é, ta ló bi wọ́n pé, "Bí 54 bá yọ, kí ni kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ṣe?" Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ á fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, ìdáhùn yẹn ì bá sì tú ọ̀rọ̀ mìíràn síta.

Ẹ wo ẹni tó padà tú u. Lóṣù Kẹrin, ó tún ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn kan náà. Onímọ̀ físíìsì ibẹ̀ àti obìnrin yẹn jókòó ti ẹ̀rọ náà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, bóyá ó ṣe báyìí, bóyá ó ṣe bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi rí i pé bí èèyàn bá yára ṣe àtúnṣe lẹ́tà yẹn ni 54 ń yọ. Àwọn méjì tó ń lo ẹ̀rọ ni wọ́n rí ohun tí àwọn tó ṣe é ò rí. Abèèrè kì í ṣìnà.

Àwọn baba wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe tó dáa ni láàárín èèyàn sí èèyàn. Nídìí ẹ̀rọ, ó léwu. Ẹ fi Yorùbá tiwa wò ó: bí mo bá kọ "paná" sára ẹ̀rọ tó ní iná gáàsì àti iná mànàmáná, èwo lẹ máa pa? Àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ti rí i láti àwọn ọdún 1980, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣa èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ṣà, tí wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan máa ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Àwa ò lè sọ àbọ̀. Odindi ni ká sọ, kó sì kúrú.

Àga tó wà níbi ìpàdé àkọ́kọ́

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí òde òní. Kí ló yí padà níbi iṣẹ́ gan-an?

Mi ò ní pẹ́ lórí irinṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé bébà ti lọ. Láti ọdún 2005 tí DITA, ìlànà kan fún títo ìwé ìmọ̀-ẹ̀rọ, ti gba ìfọwọ́sí OASIS, àjọ tó ń gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, la ti ń kọ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ tá a lè tún tò síbòmíràn. Lẹ́yìn náà la bá àwọn ẹnjiníà wọ inú Git, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, tí a ń kọ Markdown, ọ̀nà kan tó rọrùn láti fi àmì díẹ̀ to ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ wa wò bí wọ́n ṣe ń yẹ kóòdù ara wọn wò. Nǹkan rere ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ní gbogbo irinṣẹ́ yẹn kó ṣì jókòó síparí ìlà.

Ibi tí àga wa wà ló yí padà, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ bí ilé iṣẹ́ kan ṣe máa forúkọ òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀ nínú sọ́fítíwià wa. Fọ́ọ̀mù yẹn ní kí èèyàn kọ́kọ́ yan irú àkáǹtì, mẹ́fà ni wọ́n, kó tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣì í yàn, kò sí ọ̀nà àbọ̀, àfi kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ń yàwòrán, mo ń kọ ìkìlọ̀. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹrìnlá, mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo dìde lọ bá ẹnjiníà tó ni ín.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí èyí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú?"

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí. Ó ní, "Mi ò mọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a."

Ó lọ tú u wò. Sọ́fítíwià kan tí wọn ò lò mọ́ láti ọdún pípẹ́ ló nílò yíyàn yẹn. Ọjọ́ méjì ló fi yọ ọ́. Àlàyé tèmi di ìdajì ojú ìwé. Lọ́dún yẹn, mi ò ṣe ohun tó wúlò fún àwọn tó ń lo ọjà wa ju ojú ìwé mẹ́rìnlá yẹn lọ, èyí tí wọn ò ní kà láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tó ti bá a lọ! Ọdún mélòó ni àwọn èèyàn ti fi ń jìyà fọ́ọ̀mù yẹn? Bó bá ṣe pé akọ̀wé wà níbi ìpàdé àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sára pátákó, ẹnì kan ì bá ti béèrè. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ dáadáa lónìí, ibẹ̀ ni akọ̀wé ń jókòó sí. Òun ló ń sọ orúkọ tí bọ́tìnnì máa jẹ́. Òun ló ń sọ pé, "Èyí ò lè yé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i." Bí nǹkan bá ṣòro láti ṣàlàyé, àmì àìsàn ni, akọ̀wé sì ni ẹni tí ara rẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ fún un.

Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ torí ẹ̀ wá. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tí à ń pè ní AI, èyí tó ń kọ̀wé bí èèyàn. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọ̀gá fi ń sọ fún wa pé, "Ẹ jẹ́ kí AI máa kọ ọ́."

Mi ò wá bú ẹ̀rọ. Mò ń lò ó lójoojúmọ́. Bí mo bá ní ogójì ojú ìwé tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ kan náà ni mo pe nǹkan kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, á bá mi wá a kí n tó ṣẹ́jú. Bí gbólóhùn mi bá gùn, á bá mi gé e. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kó bá wa dé ibẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí kò tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àlàyé kan wá, AI ló bá a kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo eléyìí." Mo kà á. Ó dùn ún kà, ó lọ geere, kò sí àṣìṣe kan nínú gírámà rẹ̀. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni. Ìgbésẹ̀ kẹta ní kí èèyàn ṣí ibi ètò áàpù, kó tẹ "Dá a padà", pé fáìlì tó bá ti parẹ́ á wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Mo ní, "Àbúrò, fi bọ́tìnnì yẹn hàn mí."

Ó ṣí áàpù náà. A wá a lápá òsì, a wá a lápá ọ̀tún. A ṣí gbogbo ohun tó ṣeé ṣí. Kò sí bọ́tìnnì. Kò sí ọgbọ̀n ọjọ́. Nínú áàpù tiwa, ohun tó bá ti parẹ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ fojú inú wo ẹni tó máa ka àlàyé yẹn, tí ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, tó máa wá fọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rẹ́, nígbà tí ó gbà pé òun lè rí i padà lọ́la.

Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ pé òun ò mọ̀. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ máa ń mọ ibi tí ìmọ̀ òun parí sí, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń dìde lórí àga lọ béèrè. AI kì í dìde. Kì í lọ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ. Inú ohun tí a ti kọ sílẹ̀ níbì kan ló ti ń hun ọ̀rọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí a kò tíì kọ sílẹ̀ ló máa ń pa èèyàn lára jù. Nígbà tí páálí ìyá yẹn wà lára ẹ̀rọ rẹ̀, AI wo ni ì bá rí i kà?

Iṣẹ́ tuntun kan tún ti yọjú. Tẹ́lẹ̀, èèyàn nìkan ló ń ka ìwé wa. Ní báyìí, ẹ̀rọ tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ń kà á kó tó dáhùn. Bí a bá fi àlàfo sílẹ̀, á fi àbá dí i. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé ká máa kọ ohun tí ọjà wa kò lè ṣe náà sílẹ̀. "Fáìlì tó bá parẹ́ kò ṣeé gbà padà." Gbólóhùn kan ni. A kì í kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, a rò pé yóò ba ọjà jẹ́.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, mo mọ ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ nítorí pé AI ti dé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n pè é padà láti máa yẹ ohun tí ẹ̀rọ kọ wò, wọ́n sì fún un ní àkókò tó kéré sí èyí tó fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àìdáa gbáà ni. Yíyẹ ọ̀rọ̀ tó dùn ún kà wò máa ń gba àkókò ju kíkọ ọ́ lọ, torí adùn rẹ̀ ń bo irọ́ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lèèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀gá àti fún ẹ̀yin ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ yé ka iye ojú ìwé. Ẹ ka iye ìpè oníbàárà tí kò wọlé mọ́ nítorí pé àlàyé yéni. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé yín máa jókòó ti àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn oníbàárà lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kó rí ẹ̀rọ kó tó kọ̀wé ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irinṣẹ́ tí ẹ ó kọ́ lẹ máa ń bi mí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ máa fi mọ Markdown. Bí a ṣe ń bi ẹnjiníà tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn láìbí i nínú ló ń pẹ́. Ẹ má bi í pé, "Kí ni èyí ń ṣe?" Á dá yín lóhùn bí ẹni ka ìwé. Ẹ bi í pé, "Bí mo bá tẹ èyí kí n tó tẹ ìyẹn ńkọ́? Bí iná bá lọ láàárín méjì ńkọ́? Bí 54 bá yọ, kí ni kí n ṣe?" Bó bá dákẹ́, tó ń wo òkè àjà, ẹ dúró. Ẹ ti dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dé.

Kí n sọ èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. A tún ìwé náà tẹ̀, omi ṣáájú irinṣẹ́. Mo mú un lọ fún un fúnra mi. Ó tú ọ̀rá ara rẹ̀, ó ní kí n fi ìlà tòun han òun. Mo fi hàn án, ojú ìwé kẹta. Ó gbé jígí sójú, ó kà á jẹ́ẹ́, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Ẹ ò kọ bí èèyàn ṣe máa mọ̀ bí omi bá ti pọ̀ jù."

Mo jókòó tì í, mo mú bírò jáde.

Ẹ ṣeun. Ó ti kan ìbéèrè yín.